Ọ̀pá Inú Gbòǹgbò Eyín: Iṣẹ́ Rẹ̀ àti Ewu Tí Ó Rọ̀ Mọ́ Ọn

Nígbà tí kòkòrò bá jẹ eyín wọ inú títí tí ó fi dé ibi tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà, kò di dandan kí a yọ eyín náà. Dókítà eyín lè kó ohun tí ó ti bàjẹ́ kúrò nínú ihò gbòǹgbò, kí ó fọ̀ ọ́ mọ́, kí ó sì fi ohun kan bí rọ́bà, tí à ń pè ní gutta-percha, dí i pa. Èyí ni ìtọ́jú gbòǹgbò eyín. Ìrora a lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí, nítorí eyín tí ó ṣẹ́kù ti dà bí ilé tí ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí a bá ṣe tún un kọ́ ni yóò pinnu bóyá yóò pẹ́ lẹ́nu tàbí yóò là.

Ìdí tí irú eyín bẹ́ẹ̀ fi ń là

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé eyín tí a tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀ ń gbẹ bí igi, pé ìdí nìyẹn tí ó fi ń ṣẹ́. Kì í ṣe gbígbẹ ni olórí ìṣòro. Ara eyín tí ó ti sọnù ni: èyí tí kòkòrò jẹ, àti èyí tí dókítà gbẹ́ kí ó tó dé inú ihò gbòǹgbò. Bí a bá ń jẹ ẹran tàbí ẹ̀pà, ipá ìjẹun a máa fẹ́ ya àwọn ògiri tí ó kù kúrò lára ara wọn. Ewu yìí pọ̀ jù fún eyín inú tí a fi ń lọ oúnjẹ, ìdí sì nìyẹn tí a fi sábà máa ń fi adé bò ó.

Iṣẹ́ ọ̀pá

Bí ara eyín tí ó kù lókè erìgì bá kéré jù láti gbé adé dúró, dókítà a mọ kùkùté àtọwọ́dá lé e lórí. Bí kùkùté náà kò bá rí ohun dì mú, dókítà a ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú gbòǹgbò láti so ó mọ́ eyín. Iṣẹ́ ọ̀pá kò ju èyí lọ. Kì í fún gbòǹgbò lágbára. Kódà, ihò tí a gbẹ́ fún un a máa dín ara gbòǹgbò kù. Nítorí náà, eyín iwájú tí ihò kékeré nìkan wà lára rẹ̀ kì í sábà nílò ọ̀pá. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ eyín inú, nítorí ihò àárín wọn gbòòrò tó láti di kùkùté mú.

Bí ọ̀pá ṣe ń darí ipá

Dẹ́ntíìnì ni ara eyín tí ó wà lábẹ́ èèpo funfun òde. Ní ti kí nǹkan má tètè tẹ̀, sítẹ́ẹ̀lì le ju dẹ́ntíìnì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 10. Bí a bá ń jẹun, eyín a máa tẹ̀ ní ìwọ̀n tí ojú kò lè rí, ṣùgbọ́n ọ̀pá irin kì í bá a tẹ̀. Ipá a wá kóra jọ sí ibi tí ọ̀pá parí sí nínú gbòǹgbò. Bí ó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, gbòǹgbò lè là lóòró, bí igi tí a fi èèkàn irin là. Eyín tí ó bá là báyìí, yíyọ ló sábà máa ń kù. Ọ̀pá tí a ń yí wọlé bí síkúrù ló léwu jù nínú ọ̀ràn yìí.

Ọ̀pá fáíbà a máa tẹ̀ pẹ̀lú eyín, a sì máa pín ipá káàkiri. Ó lè tú tàbí kí ó ṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn sábà máa ń ní àtúnṣe.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì ju irú ọ̀pá lọ ni òrùka ara eyín: kí eyín tí ó yè kooro ṣẹ́kù yíká lókè etí erìgì, ó kéré tán mílímítà 1.5 sí 2, kí adé lè gbá a mú bí òrùka irin ṣe ń gbá pákó àgbá mú. Bí òrùka yìí kò bá sí, ọ̀pá tí ó dára jù lọ kò lè dípò rẹ̀.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ bi dókítà

• Ṣé eyín mi nílò ọ̀pá ní tòótọ́, àbí adé nìkan ti tó?
• Ara eyín mélòó ni yóò ṣẹ́kù yíká lókè erìgì?
• Ṣé fífẹ̀ ọ̀pá kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ gbòǹgbò lọ?
• Ṣé gutta-percha mílímítà 4 sí 5 yóò ṣẹ́kù ní ìsàlẹ̀ gbòǹgbò, kí kòkòrò àìsàn má baà rọ́nà wọlé?

Ìkìlọ̀

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ kí ẹ tó fi adé bo eyín inú tí a ti tọ́jú. Ẹ má fi eyín ṣí ìgò, ẹ má sì fi fọ́ egungun. Bí adé bá ń mì, bí eyín bá ń dùn yín bí ẹ bá ti gé nǹkan jẹ, tàbí bí erìgì bá wú, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù ọjà lẹ adé tí ó tú. Kí ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan eyín yín, ẹ rí i dájú pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Ìgbìmọ̀ Oníṣègùn àti Dókítà Eyín ti Nàìjíríà.