Kí Ọmọ Sọ Ọ́ Kó Tó Pè É Lórúkọ: Lórí Ọ̀rọ̀ Sáyẹ́ǹsì fún Àwọn Tó ń Kọ́ Ọmọ Nílé

Òbí tó ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nílé kì í ní kíláàsì kan ṣoṣo. Èyí jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, èyí ọmọ ọdún mẹ́jọ, èyí ọmọ ọdún méjìlá, orí tábìlì kan náà ni gbogbo wọn sì jókòó sí. Bó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì, ìwé ló máa kọ́kọ́ wá. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wá. Ìwé aláwòrán pọ̀ lọ́jà. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yóò fi sọ ohun tó rí nínú àwòrán náà ló ṣọ̀wọ́n. Ohun èlò tó dára jù fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ọmọ kékeré lè fi ọ̀rọ̀-ìṣe tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ sọ, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì lè sọ ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn gan-an di orúkọ.

Ẹ jẹ́ ká mú òrí àti iyọ̀. Ẹ bu òrí díẹ̀ sínú àwo, ẹ gbé e sínú oòrùn. Ẹ da ṣíbí iyọ̀ kan sínú ife omi, ẹ rò ó. Ẹ wá bi àwọn ọmọ pé kí ló ṣẹlẹ̀. "Ó yọ́" ni wọn yóò fi dáhùn lẹ́ẹ̀mejèèjì, wọn kò sì jẹ̀bi, torí bẹ́ẹ̀ ni àwa àgbà náà ń wí. Síbẹ̀, nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ooru ló yọ́ òrí: òrí nìkan ló wà nínú àwo, bó bá sì kúrò nínú oòrùn, yóò tún dì. Omi ló gba iyọ̀ mọ́ra. Ẹ gbé ife náà sínú fíríìjì, iyọ̀ kò ní tìtorí òtútù jáde. Àmọ́ bí ẹ bá da omi iyọ̀ yẹn sínú àwo pẹrẹsẹ, tí ẹ gbé e sójú fèrèsé títí omi fi gbẹ tán, iyọ̀ á funfun sára àwo.

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ kejì tó wúlò níbí: yòrò. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, yọ́ àti yòrò máa ń gba ipò ara wọn. Mo dá a lábàá pé kí a pín iṣẹ́ fún wọn nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí yọ́ jẹ́ ti ooru, kí yòrò jẹ́ ti omi. Ọmọ ọdún márùn-ún á sọ pé òrí yọ́, iyọ̀ yòrò, ìyẹn ti tó o. Ọmọ ọdún mẹ́jọ á fi omi gbígbóná àti omi tútù wò ó, á sì sọ èyí tí ìyòrò ti yá jù nínú wọn. Ọmọ ọdún méjìlá á pe iyọ̀ ní ayòrò, á pe omi ní amúyòrò. Èyí tó kéré jù ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó ṣàjèjì sí i, nítorí yòrò tòun ló wà nínú gbogbo wọn.

Ohun kan náà ni mo rí nínú àdàlù. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀wà àti àgbàdo tí a sè pọ̀ mọ̀ pé a ṣì lè ṣa àgbàdo jáde. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí bá gbogbo ohun tí a dà pọ̀ tí a ṣì lè yà mu. Ẹ tú òòfà tó wà nínú sípíkà tó ti bàjẹ́, ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ fà á kọjá nínú iyanrìn ojú àgbàrá lẹ́yìn òjò. Ẹyọ dúdú wẹ́wẹ́ tó ní irin nínú á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá náà. Àdàlù ni iyanrìn yẹn, òòfà sì ti yà á. Ṣùgbọ́n mi ò ní pe idẹ ní àdàlù. A ti yọ́ bàbà àti sínkì pọ̀ kí idẹ tó wà, kò sì sí ẹni tó lè ṣa ọ̀kan jáde. Àyọ́pọ̀ ni kó máa jẹ́. Ọmọ ọdún méjìlá tó bá ti ní ọ̀rọ̀ yìí lè wo àwọn ère orí tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938, kó sì lóye rẹ̀ bí mo bá sọ fún un pé àyọ́pọ̀ bàbà, sínkì àti òjé ni púpọ̀ nínú wọn, àti pé àwọn mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé.

Bó bá kan bí kòkòrò ṣe ń dàgbà, labalábá ni àwọn ìwé tí wọ́n ń tà fẹ́ràn. Tanwíjí lèmi fẹ́ràn, nítorí àwọn tó ń pọn omi sínú ìkòkò ti fún un lórúkọ kí ìwé kankan tó dé. Ẹ bu omi tó ní tanwíjí sínú ìgò, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì de ẹnu rẹ̀ pinpin. Ọmọ kékeré á rí i pé ọ̀pọ̀ wọn dorí kodò, ìdí wọn ló kan ojú omi, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mí. Àwọn tó bá nà gbọọrọ lójú omi, irú ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri ni wọ́n. Iṣẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn lè kán òróró díẹ̀ sínú ìgò kejì. Òróró á bo ojú omi, tanwíjí kò ní rí ibi mí, wọ́n á kú. Àárín tanwíjí àti ẹ̀fọn ni a kò ti ní orúkọ, níbi tí kì í ti í jẹun mọ́, tó ká kò bí àmì ìdánudúró díẹ̀ (,). Bí ọmọ kékeré bá ti ń sọ pé ó ń para dà, a ti rí i: aparadà ni kó máa jẹ́, kí gbogbo ìrìn náà láti inú ẹyin sì máa jẹ́ ìparadà. Ẹ lè lo méjèèjì fún labalábá náà.

Ọ̀rọ̀ náà "kòkòrò" ló ń dà mí láàmú jù. Kòkòrò ni ẹ̀fọn, kòkòrò là ń pe ohun tó ń fa kọ́lẹ́rà, ti kòrónà náà kòkòrò ni. Ọmọ tó bá gbọ́ pé kòkòrò wà lọ́wọ́ òun á máa wá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà. Kòkòrò àìfojúrí tí àwọn elétò ìlera ń lò dára fún ọmọ kékeré, sójà ara náà sì dára fún ohun tó ń bá wọn jà. Bí ọmọ bá ti tó ọdún mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kó mọ bakitéríà yàtọ̀ sí fáírọ́ọ̀sì, torí ìkíní ń dá wà láàyè, èkejì kò lè bí sí i àfi nínú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn. Yíyá orúkọ wọn kò bù wá kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́síjìn àti kábọ̀n. Irin, bàbà, wúrà, fàdákà àti òjé ti ní orúkọ lọ́dọ̀ wa. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmì irin jẹ́ Fe kárí ayé, kò sì jọ orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé fífi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì kò ṣeé ṣe. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nítorí pé olùkọ́ ń fi wọ́n kọ́ni, ìdánwò sì ń bèèrè wọn. Ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ nílé kò ní láti dúró de ìkéde kankan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ẹ̀kọ́ ti 1996 gba òbí láàyè láti kọ́ ọmọ rẹ̀ láìfi ránṣẹ́ sílé-ìwé, gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà náà sì gbà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Èkó, ní Peckham tàbí ní Houston, ẹ ní ìwé kan lórí tábìlì tí ẹ ó máa kọ ọ̀rọ̀ tí ilé yín bá yàn sí. Ẹ kọ gbólóhùn ọmọ kékeré sókè, ẹ kọ orúkọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà yọ sísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi han àwọn òbí mìíràn. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tó dán mọ́rán ju amúyòrò lọ, ẹ lò ó, kí ẹ sì jẹ́ kí àwa náà gbọ́.