Ọdún Ìkẹ́kọ̀ọ́ àti Ìkọ́ṣẹ́ Àwọn Ọmọ Amẹ́ríkà ní Ìbàdàn
Ní ọdún 1991 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin tí Sẹ́nétọ̀ David Boren gbé kalẹ̀, èyí tí ó ya owó sọ́tọ̀ fún kíkọ́ àwọn èdè tí ìjọba kà sí kòṣeémánìí fún ààbò orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀rọ̀ ààbò yìí, kì í ṣe ìfẹ́ ewì tàbí ẹsẹ Ifá, ni ó ṣí àpò ìjọba sílẹ̀ fún Yorùbá. Láti inú òfin yìí ni ètò kíkọ́ èdè tí wọ́n ń pè ní Language Flagship ti jáde ní 2002, tí ọwọ́ rẹ̀ sì kan Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tó yá. Ṣáájú ìgbà náà, Yunifásítì Ifẹ̀ ti ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà tó ń kọ́ Yorùbá lálejò ní àkókò ìsinmi wọn, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò tó láti gbọ́ òwe ní àgbọ́yé. Ní Ìbàdàn nígbà ètò náà, akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ́ èdè, a máa jókòó ní kíláàsì pẹ̀lú àwọn ọmọ onílùú, a sì máa ṣe ìkọ́ṣẹ́, ìyẹn iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ tí ènìyàn fi ń mọ bí iṣẹ́ kan ti rí, níbi tí Yorùbá ti di irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì gba owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí a fi orúkọ Boren pè gbọ́dọ̀ sin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún ọdún kan, ó kéré tán.