Ìyẹ̀wò ìrísí ọ̀dọ́ àgùntàn fún ìbísí

Ìyẹ̀wò ìrísí ọ̀dọ́ àgùntàn fún ìbísí jẹ́ ọ̀nà tí àwọn olùsìn ẹran ń gbà yẹ ara àgbò tàbí abo àgùntàn tí kò tíì dàgbà tán wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kí ó bímọ. Ó yàtọ̀ sí yíyan ẹran fún títà tàbí pípa, nítorí pé àléébù ara òbí lè jẹ yọ lára ọmọ.

Ìran àgùntàn

Ìran mẹ́rin ni a mọ̀ jù ní Nàìjíríà. Balami ni ó tóbi jù. Ó funfun, etí rẹ̀ sì gùn wálẹ̀. Apá iwájú Uda dúdú tàbí kí ó ní àwọ̀ ilẹ̀, apá ẹ̀yìn rẹ̀ sì funfun. Yankasa funfun, ṣùgbọ́n dúdú yí ojú, etí àti imú rẹ̀ ká. Àgùntàn kúkúrú ti ilẹ̀ gúúsù kéré, ṣùgbọ́n ó lè fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń tàn kálẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, kìkì àwọn ọ̀dọ́ tí ìran àti ọjọ́ orí wọn bára mu ni a ń fi wé ara wọn.

Ìdúró àti ìrìn

Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni a ń mú ẹran dúró sí. Bí a bá wò ó láti iwájú, àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan ara wọn. Láti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn kí ó sì tẹ́, láìwọnú láàrin. Láti ẹ̀yìn, ìbàdí fífẹ̀ ṣe pàtàkì fún abo, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ yóò gbà jáde. Lẹ́yìn náà ni a ó mú un rìn, kí a lè rí i bí ó bá ń tiro.

Ọwọ́ ni a fi ń parí ohun tí ojú bẹ̀rẹ̀. Bí egungun ẹ̀yìn bá mú ṣáṣá lábẹ́ ìka, ẹran náà ti rù. Bí ìka kò bá kàn án rárá, ọ̀rá ti pọ̀ jù. Ikùn ńlá nìkan kì í ṣe àmì ìsanra. Aràn inú lè fà á.

Ẹnu

Àgùntàn kò ní eyín iwájú lókè. Eyín mẹ́jọ ìsàlẹ̀ ni ó ń tẹ̀ mọ́ èrìgì òkè láti fi já koríko. Bí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ bá yọ síwájú tàbí tí ó kúrú jù, eyín kò ní bá èrìgì pàdé. Eyín tún ń fi ọjọ́ orí hàn: méjì àkọ́kọ́ nínú eyín àgbà máa ń hù láàárín ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀.

Ẹ̀yà ìbísí

Kóró ẹpọ̀n àgbò méjèèjì gbọ́dọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n dọ́gba, kí wọ́n sì le díẹ̀ láìwú. Orí ọmú abo gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì tí kò ní egbò tàbí kókó. A kì í jẹ́ kí àgbò gun abo kí ó tó ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n àgbà ìran rẹ̀.

Ìléyá àti yíyan ẹran ìbísí

Ní Ìsàlẹ̀ Gángan àti àwọn àdúgbò mìíràn ní Erékùṣù Èkó, níbi tí ilé ti fún mọ́ra, àgùntàn jẹ́ ẹran ojúlé àti ti òpópónà. Ìwo ńlá àti ara títóbi ni ọ̀pọ̀ olùrà ń wò nígbà Ìléyá. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù kọ ẹran tí ó fọ́ lójú kan, tí ó ń ṣàìsàn, tí ó yarọ tàbí tí ó rù kan egungun, bí àléébù náà bá hàn gbangba. Ṣùgbọ́n àgbò tí a tẹ̀ lọ́dàá tọ́ fún ìrúbọ, bẹ́ẹ̀ ni kò wúlò fún ìbísí.

Ewu mìíràn wà níbẹ̀: àgbò tí ó tètè dàgbà jù ni ó ń kọ́kọ́ bá ọjà lọ, èyí tí kò dàgbà dáadáa ni ó sì ń ṣẹ́kù láti gun abo. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún, ọmọ agbo náà lè máa kéré sí i. Nínú agbo kékeré, àgbò tún lè gun ọmọ tirẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí olùsìn yan àgbò ìbísí kí ọjà Ìléyá tó dé, kí ó ya ọ̀dọ́ akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún, kí ó sì máa fi àgbò tí ó wá láti agbo mìíràn rọ́pò ti àtijọ́.