Mọ́tọ̀ Tó Rú Èéfín ní Ìkòtún

Bí ẹ bá wà nínú dánfó, ẹ fi íápíìsì sétí dáadáa, torí èéfín ni ọ̀rọ̀ òní fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkòtún, lọ́nà Ìjẹ́gun. Irin ló ń gé, ó sì máa ń gbẹ́ páàtì kéékèèké fún àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó fi ọdún kan àtààbọ̀ tu owó jọ, ó ra máṣíìnì mílìn kékeré, irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì. Tòkúnbọ̀ ni, láti Amẹ́ríkà. Ó wo páálí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ mọ́tọ̀ rẹ̀, ó rí i pé wọ́n kọ 115/230 síbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Iná tiwa ṣáà jẹ́ volt 230. Ó so ó mọ́ iná, ó tẹ bọ́tìnì. Mọ́tọ̀ náà yí bí ẹni tí wọ́n ń lé, òórùn jíjó gba ṣọ́ọ̀bù, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kí ó tó fa wáyà yọ, ẹ̀pa ò bóró mọ́. (Mọ́tọ̀ tí mò ń wí kì í ṣe ọkọ̀ o, ohun tó ń yí ẹ̀rọ ni.)

Ó ní ṣebí bó ṣe wà lára ṣájà fóònù náà nìyẹn: 100 sí 240, ibi tó bá wù ọ́ ni kí o ti lò ó. Èmi náà ìbá ti rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ṣájà ní ọpọlọ díẹ̀ nínú, ó máa ń tún ara rẹ̀ ṣe. Mọ́tọ̀ ò ní. Ìlà kékeré tó wà láàárín 115 àti 230 yẹn ń sọ fún ẹ pé kí o mú ọ̀kan, kí o sì so wáyà rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Kí ló dé tí ẹnì kan fi ní láti mú ọ̀kan? Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn. Ní 1888, Galileo Ferraris ní Ítálì àti Nikola Tesla ní Amẹ́ríkà, kálukú lọ́tọ̀, fi han aráyé bí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ṣe lè mú irin yípo láìsí wáyà kankan tó kan irin ọ̀hún. Irú mọ́tọ̀ yẹn ló wà nínú fáànù yín títí dòní. Westinghouse ra ẹ̀tọ́ Tesla, àwọn ará Amẹ́ríkà sì wá fìdí kalẹ̀ sórí 60: iná ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Volt wọn ò sì jìnnà sí 110 tí Edison fi bẹ̀rẹ̀ nítorí gílóòbù rẹ̀. Ní Jámánì, 50 ni AEG mú. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì.

Èkó ńkọ́? Ibí ló ti dùn mọ́ mi jù. Ní 1896, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúnáwá méjì sí Marina, kilowatt 30 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà mélòó ni iná yẹn ń lọ tó ń bọ̀? 80! Kì í ṣe 50, kì í ṣe 60. Èkó ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, bí ìṣe rẹ̀. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ mànàmáná Ìjọra dé ní 1923 ni ìlú bọ́ sórí 50, pẹ̀lú fésì mẹ́ta. Àwọn òyìnbó tó ń ṣàkóso wa gan-an, òfin 1926 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kó gbogbo Britain sórí ọ̀nà kan. Lẹ́yìn náà, ECN gbà á ní 1951, NEPA ní 1972, PHCN ní 2005, wọ́n sì tà á fún àwọn aládàáni ní 2013. Orúkọ yí, olówó yí, 50 ò yí.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí Ìkòtún. Ọ̀rẹ́ mi gbé mọ́tọ̀ náà lọ bá bàbá rewáyà kan. Bàbá ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tí wọ́n fi ní, "Fóònù rẹ dà? Ya fọ́tò ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan wà kí n tó tú u." Wọ́n ṣí ìdérí, wọ́n fi hàn wá. Kọ́ìlì ńlá méjì ló wà nínú rẹ̀, volt 115 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n so méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí kálukú ń gba 115 tirẹ̀. Níbí, ó yẹ kí wọ́n tò tẹ̀ léra, kí ìparí ọ̀kan kan ìbẹ̀rẹ̀ èkejì, kí wọ́n pín 230 láàárín ara wọn. Bí Amẹ́ríkà ṣe so ó ló ṣì wà nígbà tí ọ̀rẹ́ mi tẹ bọ́tìnì. Kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan gba ìlọ́po méjì. Àwòrán bí wọ́n ṣe ń so ó wà lẹ́yìn ìdérí yẹn látọjọ́ yìí.

Kọ́ìlì kan ti jó. Bàbá ka iye ìgbà tí wáyà rẹ̀ yí, wọ́n wọn bó ṣe nípọn tó, wọ́n yí tuntun. Wọ́n tò méjèèjì tẹ̀ léra. Kọ́ìlì kékeré tó ń ta mọ́tọ̀ jí, èyí tó ní kàpásítọ̀, 115 lòun ń jẹ ní tiẹ̀, nítorí náà ara kọ́ìlì ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n so ó mọ́. Wọ́n dán an wò: ó ń yí sẹ́yìn! Eyín irin tó ń gé, apá kan ṣoṣo ló mú, sẹ́yìn kò lè gé nǹkan kan. Bàbá pààrọ̀ orí wáyà méjì ti kọ́ìlì kékeré yẹn, ó sì yí síwájú.

Ohun kan ṣoṣo ni wọn ò lè tún ṣe. Páálí ní mọ́tọ̀ náà á máa yí ní ìgbà 1,725 ní ìṣẹ́jú kan. Lórí 50 tiwa, nǹkan bíi 1,430 ni. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Bàbá, ẹ ò lè so ó kó yá díẹ̀ sí i?" Wọ́n ní kò sí bí èèyàn ṣe lè so wáyà tí 50 á fi di 60. Mo sọ ọ̀rọ̀ Ìjọra fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mú máàkà, wọ́n kọ 230 gàdàgbà sára ìdérí.