Hiplife: Bí Ráàpù Ṣe Gbọ́ Èdè Twi

Bí àwọn àgbà olórin highlife ilẹ̀ Ghánà bá péjọ, tí ọ̀rọ̀ sì kan hiplife, àdàlù ráàpù àti highlife, ẹ̀sùn tí wọ́n sábà máa ń kà ni pé àwọn ọmọdé tí kò mọ gìtá í ta, tí kò mọ fèrè í fọn, ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ wàràwàrà pa orin bàbá wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà wọ̀nyí gidigidi, ṣùgbọ́n n kò lè bá wọn dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kí àwọn ọmọ náà tó dé rárá ni àìsàn ti gbé highlife dè.

Orin alẹ́ ni highlife. E. T. Mensah àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Tempos, gbé e láti Accra wá sí Èkó ní àwọn ọdún 1950, àwọn olórin tiwa sì kọ́ ọgbọ́n lára wọn. Nígbà tí Jerry Rawlings wá gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1981, tí àwọn ológun rẹ̀ sì fi òfin kónílé-ó-gbélé de ìlú láti 1982 títí di 1984, ilé ijó ti ìlẹ̀kùn, owó bodè orí ohun èlò orin ga kọjá agbára ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sí Jámánì, níbi tí George Darko ti gbé Akoo Te Brofo jáde ní 1983, ẹni tí kò sì rí ọ̀nà lọ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ibẹ̀ ni gìtá àti ìlù kù sí. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Ráàpù fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe àlejò nínú highlife. Ọmọ Sekondi-Takoradi kan, Gyedu-Blay Ambolley, ti ń fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀ lórí ìlù highlife nínú Simigwa-Do láti 1973, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé òun ti ń ráàpù kí Amẹ́ríkà tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ orin náà kò ní bá a jà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ ọ́ di ẹ̀yà orin tó dá dúró, tí ó sì fún un ní orúkọ hiplife, ni Reginald Yaw Asante Ossei, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Reggie Rockstone. Ìlú Òyìnbó ni a bí i sí ní 1964, Ghánà ni ó gbé dàgbà, Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti fi Gẹ̀ẹ́sì ráàpù. Nígbà tí ó padà wálé ní 1994 nítorí àjọ̀dún Panafest, ó bá àwọn ọ̀dọ́ Accra tí ń sín àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ. Òun tí Gẹ̀ẹ́sì rọ̀ lẹ́nu jù gbogbo wọn lọ ni ó wá yàn láti máa fi Twi ráàpù, ibi tí mo sì ti ń kan sáárá sí i jù nìyẹn. Àwo rẹ̀, Makaa Maka, jáde ní 1997. Nígbà tí ó di 1999, fún Keep Your Eyes on the Road, ó mú Kyenkyen Bi Adi M'awu tí Alhaji K. Frimpong gbé jáde ní 1976, ó gé ohùn gìtá àti ìlù rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti rìn lé lórí, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ogún ọdún tí kò gbọ́ orúkọ Frimpong rí fi ń jó sí gìtá tí wọ́n ta kí a tó bí i. Ṣé apànìyàn ni í máa gbé òkú rẹ̀ kiri ọjà báyìí?

Rédíò ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú. Joy FM bẹ̀rẹ̀ ní 1995, Peace FM tí ń fi èdè Akan, tí Twi jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e ní 1999, ohùn ilé sì wá di ohùn afẹ́fẹ́.

Ní 1999 yìí kan náà ni ọmọ hiplife kan, Obrafour, gbé ọ̀rọ̀ dé ààfin. Ní Manhyia, ààfin Aṣantehene ní Kumasi, ní ọjọ́ àjọ̀dún Akwasidae tí í yí po ní ọjọ́ 42 sí ara wọn, àwọn abrafo, tí iṣẹ́ wọn láyé àtijọ́ jọ ti àwọn tẹ̀tù Aláàfin, a dúró níwájú ọba pẹ̀lú idà lọ́wọ́, wọn a máa ki apae, oríkì ọba, wọn a máa ka àwọn ọba alágídí tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ṣẹ́gun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti gbọ́ tí àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ń to oríkì kò ní ṣàjèjì níbẹ̀. Twi, gẹ́gẹ́ bí èdè tiwa, èdè olóhùn ni. Bí a bá fi tipá ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ inú ìlù àjèjì, ìtumọ̀ a dàrú, àwọn apohùn ààfin sì ti mọ bí a ti í yẹra fún èyí kí ráàpù tó délé ayé. Orúkọ oyè àwọn abrafo yìí ni Obrafour gbà, ọ̀nà wọn ni ó sì tọ̀ nínú àwo Pae Mu Ka tí Hammer, aṣètò orin, bá a ṣe: òwe ń lé òwe, ohùn kò kánjú, ìlù ni ó ń dúró de ọ̀rọ̀. Akyeame, àwọn méjì mìíràn, gba orúkọ àwọn agbẹnusọ ọba tí í mú ọ̀pá oyè lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ VIP jáde láti Nima, àdúgbò àwọn àlejò ní Accra, wọ́n sì fi Ahomka Wo Mu gba gbogbo ìlú ní 2003. Tinny mú èdè Ga, Edem mú èdè Ewe.

Àwọn àgbà jàre ní ibì kan. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ hiplife ni ó gòkè orí ìtàgé láìsí onílù kan lẹ́yìn wọn, tí wọ́n kàn ń la ẹnu sí àwo tí ń kọrin fúnra rẹ̀, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ kò rí bí a ti í fọn fèrè láti ìgbà náà.

Síbẹ̀, okùn kò já. Fela, tí highlife ni ó kọ́kọ́ ṣe, fi ọ̀rọ̀ Akan pe orin kan, Fefe Naa Efe, nínú àwo Gentleman ní 1973. Tic Tac ọmọ Ghánà wá gbé orin tirẹ̀ jáde lórúkọ kan náà, ó sì pe Tony Tetuila, ọmọ Nàìjíríà, sínú rẹ̀. Nígbà tí ó di 2012, tí wọ́n ń pín ẹ̀bùn BET ní Amẹ́ríkà, àwọn méjì ni wọ́n jọ gba ti Áfíríkà: Wizkid láti Èkó, àti Sarkodie ọmọ Tema, tí ó jẹ́ pé Twi ni ó fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.