Òkú Tó Ń Wá Ẹni Tí Yóò Gbọ́: Ìtàn Àwọn Jagunjagun Àkúdàáyà Inú World of Warcraft

Bí ẹnìkan bá kú nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu Yorùbá, tí wọ́n sì tún rí i ní ìlú mìíràn tó ń tajà, tó láya, tó bímọ, orúkọ wà fún un: àkúdàáyà. Ohun tó jẹ́ kí àkúdàáyà lè gbé ayé rẹ̀ kejì ni pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbi tó sá lọ. Ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá tẹsẹ̀ bọ ọjà ìlú náà, tí wọ́n fojú kan ara wọn, ni yóò pòórá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ Blizzard Entertainment ní Amẹ́ríkà gbé eré orí íntánẹ́ẹ̀tì kan jáde tó ń jẹ́ World of Warcraft, nínú èyí tí ènìyàn ti lè yàn láti jẹ́ òkú tó jí dìde. Òkú ti ibẹ̀ kò sá lọ síbì kankan. Abẹ́ ahoro ìlú rẹ̀ gan-an ló ń gbé, àwọn alààyè mọ̀ ọ́n, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Orúkọ tí àwọn òkú náà ń jẹ́ ni Forsaken, àwọn ẹni ìkọ̀sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe eré yìí ni ogun àti ìkógun nìkan jẹ lógún. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà ti ya àwọn sáfà kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó fẹ́ gbé ìwà ẹ̀dá ìtàn wọ̀ bí ẹ̀wù. Argent Dawn wà ní Amẹ́ríkà, òmíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà wà ní Yúróòpù. Moon Guard dé lẹ́yìn wọn. Lórí irú sáfà bẹ́ẹ̀, ohun tí ènìyàn bá tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ni ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ sọ. Bí ó bá fẹ́ kí ẹ̀dá náà mí kanlẹ̀, tàbí kí ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibojì, yóò tẹ àṣẹ kékeré kan, yóò sì fi ọ̀rọ̀ ṣàpèjúwe ìṣe náà. Bí ó bá di dandan kí òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn tàbí pé oúnjẹ ń jóná, yóò fi àkámọ́ méjì-méjì ká ọ̀rọ̀ náà mọ́, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé kì í ṣe òkú ló ń sọ ọ́. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ tó bá wo ohun tí wọ́n ń ṣe yóò rí i pé eré onítàn ni: ó ní ẹ̀dá ìtàn, ó ní ibùdó ìtàn, ó ní ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì. Ohun tí kò ní ni ìwé. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, kò sì sí òǹwòran kan yàtọ̀ sí àwọn òṣèré fúnra wọn.

Irú eré bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Blizzard. Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde, eré tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń jókòó yí tábìlì ká láti fẹnu ṣe. Ní ọdún 1978, Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ MUD ní Yunifásítì Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Bartle sì bá a ṣe é parí: ayé tó jẹ́ kìkì ọ̀rọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn òkú jagunjagun ti Blizzard ní ìran tiwọn. Nínú Warcraft II ti ọdún 1995, oṣó kan tó ń jẹ́ Gul'dan fi ẹ̀mí àwọn oṣó tó ti kú sínú òkú àwọn ọmọ ogun ọ̀tá. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni wọ́n pè ní death knight, jagunjagun ikú.

Warcraft III ti ọdún 2002 ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹkún. Wọ́n da àrùn sínú ọkà tí àwọn ará Lordaeron ń jẹ. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ yóò kú, yóò sì dìde láti di ọmọ ogun Lich King, ọba àwọn òkú. Arthas, ọmọ ọba Lordaeron, pa àwọn ará ìlú Stratholme kí wọ́n tó yí padà. Ó wá idà kan lọ sí ilẹ̀ yìnyín, idà náà gba ọkàn rẹ̀, ó sì padà wálé pa bàbá rẹ̀ lórí ìtẹ́. Nígbà tó kọjú ogun sí ìlú àwọn elf, Sylvanas Windrunner tó jẹ́ ọ̀gágun wọn dí i lọ́nà. Arthas pa obìnrin náà, kò sì jẹ́ kí ó sinmi. Ó jí i dìde ní ẹrú, kí ó lè máa wo ìparun ìlú tó torí rẹ̀ kú. Nínú àfikún ti ọdún 2003, The Frozen Throne, agbára Lich King dínkù, Sylvanas àti ọ̀pọ̀ òkú mìíràn sì tún gba èrò ara wọn padà. Àwọn wọ̀nyí ni Forsaken.

Ẹni tó bá yan ẹ̀yà yìí ní ọdún 2004 yóò jí nínú ibojì ní abúlé Deathknell. Eré náà kò sọ ohunkóhun fún un nípa ẹni tó jẹ́ kí ó tó kú, àlàfo yẹn sì ni ilẹ̀ tí àwọn òṣèré dá oko sí. Àgbẹ̀ tó jẹ ọkà onímájèlé ni, àbí ọmọ ogun tó ṣubú lẹ́nu ibodè? Ǹjẹ́ ó rántí orúkọ ìyàwó rẹ̀? Òfin eré fún un ní ara tó yàtọ̀: ó lè pẹ́ lábẹ́ omi ju àwọn ẹ̀yà tó kù lọ, ó lè gbọn ẹ̀rù tí ọ̀tá fi idán dá sí i lára dànù, ó sì lè jẹ òkú láti fi wo ọgbẹ́ ara rẹ̀. Àwọn òṣèré tó mọ iṣẹ́ wọn sọ àwọn òfin gbígbẹ wọ̀nyí di ìwà. Òkú kan lè jókòó sí ilé ọtí títí ilẹ̀ fi ṣú, kí ó gbá ife mú, kí ó má sì mu, nítorí pé inú tí yóò gba ọtí náà ti jẹrà. Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ náà pọ̀ pẹ̀lú. Òkú tó tún jẹ́ ọmọ ọba, tó tún jẹ́ àbúrò Arthas tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, kì í ṣòro rí.

Ìhámọ́ tó le jù lọ kò sí nínú ara. Inú èdè ló wà. Ayé Warcraft pín sí apá méjì, Alliance àti Horde. Àwọn òkú Sylvanas wà lọ́dọ̀ Horde pẹ̀lú àwọn orc, àwọn ènìyàn alààyè sì wà ní apá kejì. Ọ̀rọ̀ tí ẹni apá kan bá sọ yóò di wótowòto lójú ẹni apá kejì. Bí ó bá sì fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣàpèjúwe ìṣe kan, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ẹni kejì yóò rí: pé lágbájá ń fara ṣe àwọn àmì àjèjì kan. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọkùnrin kan kú ní Lordaeron, ó sì jí. Aya rẹ̀ sá àsálà lọ sí Stormwind. Èdè kan náà ni àwọn méjèèjì fi fẹ́ra, òun ni wọ́n fi sọ ọmọ lórúkọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ọkọ lè sọ tí aya yóò gbọ́. Ìwọ̀nba ìṣe tí ilé-iṣẹ́ ti kọ sínú eré nìkan ló ń rékọjá: kí ó juwọ́, kí ó tẹríba, kí ó sunkún. Àkúdàáyà ń pòórá kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Òkú Lordaeron dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ni kò kọjá. Ó dájú pé kì í ṣe nítorí lítíréṣọ̀ ni wọ́n ṣe gbé òfin náà kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan tí àwọn òǹkọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà kọ nípa Forsaken tó dunni tó o.

Ní Ṣáínà, ojú ni wọ́n bá wí. Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ The9 tó ń bójú tó eré náà níbẹ̀ fi ẹran bo egungun àwọn Forsaken, egungun tó sì ń wà nílẹ̀ níbi tí òṣèré bá kú sí di ibojì. Òkú tí egungun rẹ̀ kò gbọdọ̀ hàn ń wá di alààyè tí kò mọ́ra. Wrath of the Lich King, tí òkú kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà títí di ọdún 2010, nígbà tí NetEase ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ The9.

Ní ibòmíràn, ọdún 2008 ni ohun gbogbo yí padà. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, fún bí ọ̀sẹ̀ kan, àjàkálẹ̀ àrùn wọ inú eré láti fi pòkìkí Wrath. Ẹni tó bá kó o yóò di òkú arìn tó ń bu ènìyàn jẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 10 wà láti fi wò ó sàn. Bí ọjọ́ ti ń lọ, àkókò náà ń kúrú. Àwọn tó kàn fẹ́ rà kí wọ́n sì tà bínú, nítorí pé àwọn òkú ń pa oníṣòwò láàárín ọjà. Àwọn òṣèré ṣe nǹkan mìíràn: àwọn kan dúró sí ẹnubodè bí oníṣègùn, àwọn kan gba àrùn mọ́ra. Àwọn òkú arìn láti Alliance àti láti Horde ti di ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, wọ́n sì ní èdè tiwọn. Ọ̀tá méjì tí kò lè kí ara wọn láti ọdún mẹ́rin lè sọ̀rọ̀ wàyí, bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbà láti kú.

Wrath fúnra rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 2008, jagunjagun ikú sì di ohun tí ènìyàn lè jẹ́. Ẹni tó ti ní ẹ̀dá ìtàn tó dé ipele 55 nìkan ló lè dá a, ọ̀kan ṣoṣo lórí sáfà kan. Láti inú ẹ̀yà 10 tó wà nígbà náà ni a ti lè yàn án, yálà ènìyàn ni tàbí ràrá tàbí orc. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ burú jáì. Ẹrú Lich King ni, inú ilé olódi Acherus tó léfòó lójú ọ̀run ló ti jí, ìpànìyàn sì ni iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an. Nínú iṣẹ́ kan, wọ́n ní kí ó pa ẹlẹ́wọ̀n kan tó jẹ́ ẹ̀yà tirẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n náà dá a mọ̀. Ó ń rán an létí ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ kí ó rántí. Òṣèré kò ní ọ̀nà mìíràn. Bí kò bá pa á, ìtàn kò ní tẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn ogun Light's Hope Chapel, Darion Mograine àti àwọn jagunjagun rẹ̀ já ara wọn gbà kúrò lọ́wọ́ Arthas, wọ́n sì rán oníkálukú padà sí ìlú rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Bí ó ti ń rìn lọ sí ààfin ní Stormwind tàbí Orgrimmar, àwọn ará ìlú ń ju èso jíjẹrà lù ú, wọ́n ń tutọ́ sí i lára.

Ohun tí ọdún 2004 sé mọ́ ni èyí ṣí sílẹ̀. Òkú ènìyàn lè dúró ní Stormwind kí ó sì sọ̀rọ̀, kí aya rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wàhálà kejì ló wá dé: ṣé aya náà fẹ́ gbọ́? Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn yìí ní owó orí. Àlàfo ìbojì Deathknell kò sí mọ́. Gbogbo jagunjagun ikú ló sìn Arthas, gbogbo wọn ló pa ẹlẹ́wọ̀n tó mọ̀ wọ́n. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni ilé-iṣẹ́ há fún gbogbo òṣèré, èyí tó sì kù fún oníkálukú ni bí yóò ṣe rù ú. Àwọn kan rù ú dáadáa. Àwọn kan fi ṣe ọ̀ṣọ́, wọ́n dúró sí ìdí ògiri nínú ilé ọtí, ojú wọn ń tan búlúù, wọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń retí kí ẹnìkan wá bi wọ́n léèrè ìbànújẹ́ wọn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, Blizzard kéde pé àwọn tó ń sanwó láti ṣe eré náà ti pé mílíọ̀nù 12. Ní oṣù kejìlá, Cataclysm tún ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn Forsaken kọ: Sylvanas ti ń jí òkú dìde gẹ́gẹ́ bí Arthas ti ṣe fún un. Ní Deathknell, àwọn òkú titun kan kọ ayé kejì náà. Lilian Voss kò tilẹ̀ gbà pé òun ti kú. Ìbéèrè tí àwọn òṣèré ti ń bi ara wọn nínú ilé ọtí wá wọ inú ìtàn tí ilé-iṣẹ́ kọ.

Oṣù kẹfà ọdún 2018 ni Christie Golden tẹ ìwé Before the Storm jáde, tí àwọn Forsaken kan ti pàdé àwọn ìbátan wọn tó wà láàyè lórí pápá ní Arathi. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n dì mọ́ra. Nígbà tí àwọn òkú kan fẹ́ bá ará ilé wọn lọ, Sylvanas ní kí wọ́n pa wọ́n. Ìpàdé tí òfin èdè kò jẹ́ kí òṣèré kankan ṣe láti ọdún 2004 ni òǹkọ̀wé kan ṣe nínú ìwé kan, ó sì bà á jẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, nínú Battle for Azeroth, Sylvanas fi májèlé kún Undercity kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, ìlú tí Forsaken ń gbé lábẹ́ ilẹ̀ sì parun. Àwọn òṣèré ti ní yàrá níbẹ̀, wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun níbẹ̀, wọ́n ti sin òkú kejì níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ló ni ìlú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wó o. Ta ló ni ohun tí wọ́n sọ nínú rẹ̀ fún ọdún 14?

Ìlú àtijọ́ náà kò lọ tán. Ní Tirisfal, nítòsí ahoro yẹn, obìnrin kan dúró tó ń jẹ́ Zidormi, tó lè dá àkókò padà fún ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́ yóò rí Undercity bó ti wà kí májèlé tó dé. Ẹni tí kò bá bẹ̀ ẹ́ yóò rí ahoro, àwọn méjèèjì kò sì ní rí ara wọn, bí wọ́n tilẹ̀ dúró sí ojú kan náà. Nítorí náà, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan á kọ́kọ́ béèrè nínú àkámọ́ méjì bóyá gbogbo ènìyàn ti dé ọ̀dọ̀ Zidormi.