Olórí Ni Kí A Kọ́kọ́ Wá, Tàbí Kóòṣì? Ohun Tí Ìtàn Bọ́ọ̀lù Nílẹ̀ Wa Fi Yé Wa

Ní ìsinmi tó kọjá, wọ́n pè wá sí ìpàdé kan ní Gbàgádà. Mẹ́ta nínú àwa tí a jọ kọ àròkọ yìí ló dàgbà ní àdúgbò náà, a sì ti gbá bọ́ọ̀lù rí nínú ẹgbẹ́ kékeré kan tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ti dẹnu kọlẹ̀. Kóòṣì ti bá tirẹ̀ lọ, alága ti kó kúrò ládùúgbò, kì í sì í gbé fóònù mọ́. Àwọn ọmọdé ṣì ń wá sí pápá ní ọjọ́ Sátidé, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń kọ́ wọn ní nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó wà ní London ló fi owó ránṣẹ́ pé kí a fi jí ẹgbẹ́ náà dìde. Owó ọ̀hún kò tó ohun méjì. Bí a bá fi gba kóòṣì, yóò tó owó oṣù rẹ̀ fún sáà kan. Bí a bá fi yan ìgbìmọ̀, tí a forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, tí a ṣí àkáǹtì ní báǹkì, tí a sì san owó pápá, kò ní ku kọ́bọ̀ fún kóòṣì. Ariyanjiyan bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó rẹ gbogbo wa, ẹ̀gbọ́n kan kọjú sí wa, ó ní: "Ẹ̀yin tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní yunifásítì, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ìtàn ló ń kọ́ni lọ́gbọ́n, kí ni ìtàn wí?"

A ò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí ni èsì wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Shooting Stars lónìí, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ti bẹ̀rẹ̀. WNDC ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, kó tó di IICC, tí í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ ìjọba mìíràn. Ní ọdún 1976, IICC gba ife ẹ̀yẹ líìgì Nàìjíríà, ó sì gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ti àwọn tó gba ife lórílẹ̀-èdè wọn. Tonnerre ti Yaoundé ni wọ́n nà ní àṣekágbá. Wọ́n jẹ góòlù mẹ́rin sí ẹyọ kan níbí, Tonnerre sì fi ẹyọ kan borí lọ́hùn-ún, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4-2. Kò tíì sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó gba irú ife bẹ́ẹ̀ rí kó tó di ọjọ́ náà.

Bí a bá bi àwọn bàbá wa léèrè ohun tó fà á, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, Muda Lawal àti Best Ògedegbé ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹni tó bá rántí dáadáa yóò fi Alan Hawkes, òyìnbó tó kọ́ wọn, kún un. Ìwọ̀nba ènìyàn ló máa ń rántí àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì. Bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ kan wà nídìí ẹgbẹ́ náà, àwọn èèyàn bí Olóyè Lékan Sàlámì náà sì wà tí wọ́n fi ara àti owó wọn jìn ín. Kì í ṣe lásán ni orúkọ Olóyè náà fi wà lára pápá ìṣeré Adámásìngbà títí dòní.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ kejì dé. Ní 1984, Shooting Stars tún dé àṣekágbá Áfíríkà, lọ́tẹ̀ yìí nínú ìdíje àwọn tó gba líìgì. Zamalek ti Íjíbítì na wọ́n ní 2-0 ní Cairo, ó tún na wọ́n ní 1-0 ní Èkó. Ó dun gbogbo ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Kí wá ni ìjọba ológun ìpínlẹ̀ náà ṣe? Wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká. Ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kejì ní gbogbo Áfíríkà! Ẹ rò ó wò ná. Kóòṣì wo ló lè gba irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín? Ó lè kọ́ àwọn ọmọ bí wọn yóò ṣe dènà góòlù, àmọ́ kò lè dènà ìwé tó bá ti ọ́fíìsì gómìnà wá.

Wọ́n tún ẹgbẹ́ náà kó jọ lẹ́yìn náà. Ó gba ife CAF ní 1992, ó gba líìgì ní 1995 àti 1998, Zamalek sì tún fi pẹ́náńtì gba ife mọ́ ọn lọ́wọ́ ní àṣekágbá 1996. Ṣùgbọ́n láti 1998 títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, kò tíì gba líìgì mọ́. Ní 2017 ó já sí ìpele kejì, ọdún mẹ́rin ló sì lò níbẹ̀ kó tó padà ní 2021. Ní gbogbo àkókò yìí, ìjọba ló ń yan alága, ìjọba náà ló ń yọ ọ́. Bí ìjọba bá ti yí padà, ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà a yí padà, kóòṣì a sì máa bá atẹ́gùn náà lọ.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan sọ pé: "Ìjọba ni ìṣòro. Ẹ wá olówó kan, kó jẹ́ olórí, ó tán." Ìtàn fún wa lésì lórí ìyẹn náà.

Ẹ wo Leventis United ti Ìbàdàn àti Abiola Babes ti Abẹ́òkúta. Ilé-iṣẹ́ ńlá ló ni ti àkọ́kọ́, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ló ni èkejì. Láti 1984 sí 1987, àwọn méjèèjì ló ń gba ife Challenge Cup lọ́wọ́ ara wọn: Leventis ní 1984, Abiola Babes ní 1985, Leventis ní 1986, Abiola Babes ní 1987. Leventis tún dé àṣekágbá Áfíríkà ní 1985, níbi tí Al Ahly ti borí rẹ̀, ó sì gba líìgì ní 1986. Owó wà, kóòṣì wà, agbábọ́ọ̀lù wà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn olówó kó ọwọ́ wọn kúrò, ẹgbẹ́ méjèèjì sì pòórá. Lónìí, bí ẹ bá dárúkọ Leventis fún ọmọ ọdún méjìdínlógún ní Ìbàdàn, yóò rò pé ilé ìtajà ni ẹ ń sọ.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni Stationery Stores, nítorí pé Èkó ni. Israel Adébájọ̀ ló dá a sílẹ̀ ní 1958, láti inú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tó ń ta ohun èlò ọ́fíìsì. Títí di ìsinsìnyí, àwọn àgbàlagbà Èkó ṣì ń pe ẹgbẹ́ náà ní Adebajo Babes. Ó gba Challenge Cup ní 1967 àti 1968. Ní 1969, Adébájọ̀ kú.

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní baálé kú, ilé dahoro. Ṣùgbọ́n ilé yìí kò dahoro lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Stores dé àṣekágbá Áfíríkà ní 1981, ó gba Challenge Cup ní 1982 àti 1990, ó sì gba líìgì ní 1992. Àwọn agbábọ́ọ̀lù, àwọn kóòṣì, pàápàá àwọn olólùfẹ́ tó ń kún Oníkan, ni wọ́n gbé e dúró. Ohun tí wọn kò lè ṣe ni kí wọ́n dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ló ni ẹgbẹ́ yìí? Ìjà lórí ìbéèrè yẹn dé kóòtù, kò sì pẹ́ tí aṣiwájú líìgì fi di ìtàn. Ìfẹ́ lè gbé ẹgbẹ́ rìn fún ogún ọdún, àmọ́ kò lè fọwọ́ síwèé fún un.

Kí ẹ má bàa rò pé àìsàn ilẹ̀ wa nìkan ni, ẹ lọ sí ilé tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Gbàgádà ní ọjọ́ tí Manchester United bá ń gbá, kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kérora. Ní 2013, Alex Ferguson fẹ̀yìn tì, David Gill tó jẹ́ ọ̀gá ọ́fíìsì náà sì lọ nínú ọdún yẹn kan náà. Gbogbo ayé ń wá kóòṣì tó dà bí Ferguson. Láti ìgbà náà sí òpin 2024, kóòṣì mẹ́fà ni wọ́n gbà, láìka àwọn adelé. A sì gbàgbé pé Ferguson fúnra rẹ̀ dé ní oṣù kọkànlá 1986, kò sì rí ife kankan gbà títí di 1990. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì nígbà náà ló ní sùúrù fún un.

Ṣùgbọ́n kí a má parọ́, olórí nìkan kò tó. Ní 2024, United gba àwọn ọ̀gá tuntun. Àwọn ọ̀gá náà fi kún àdéhùn Erik ten Hag ní oṣù keje, wọ́n lé e ní oṣù kẹwàá, Dan Ashworth tí wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí olùdarí eré náà sì kúrò ní oṣù kejìlá, lẹ́yìn oṣù márùn-ún péré. Olórí tí kò bá mọ ohun tó fẹ́ kò yàtọ̀ sí àìsí olórí.

Àpẹẹrẹ rere wo wá ni a ní? Kò jìnnà. Kúnlé Ṣónamẹ̀, tó ti ṣe alága ìdàgbàsókè Ìkòsí-Ìsherí níbí ní Kòṣọ́fẹ́, ló ni Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́. Ẹgbẹ́ náà já sísàlẹ̀ ní 2017, gẹ́gẹ́ bíi Shooting Stars, àwọn méjèèjì sì jọ padà ní 2021. Remo Stars ní pápá tirẹ̀, ó ní ibi tí a ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́, ó sì fi Daniel Ògúnmódẹdé sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ṣe ipò kejì ní sáà 2022/23, wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2023/24. Ní ibòmíràn, wọn ìbá ti lé kóòṣì. Ní 2024/25, wọ́n gba líìgì.

Nítorí náà, èsì wa nìyí: olórí ni kí a kọ́kọ́ wá, nítorí ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àpò owó ni à ń pè lólórí. Ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta: ta ló ni ẹgbẹ́, ta ló ń sanwó bí ẹni tó ń sanwó báyìí bá lọ, ta ló sì ní àṣẹ láti lé kóòṣì, nítorí kí ni? Ẹgbẹ́ tó bá ti dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè gba kóòṣì lọ́la. Èyí tí kò bá dáhùn wọn kàn ń yá ènìyàn wá jẹ̀bi ni.

A gbé èsì yìí padà sí Gbàgádà. Wọn ò pàtẹ́wọ́ fún wa. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà béèrè pé: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìgbìmọ̀ ni yóò kọ́ ọmọ mi ní bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé?" Ìbéèrè rẹ̀ tọ́, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ kì í dúró de ìwé òfin kí wọ́n tó dàgbà. Ohun tí a fẹnu kò lé lórí ni pé owó ẹ̀gbọ́n wa yóò lọ sórí ìgbìmọ̀, àkáǹtì àti pápá. Méjì nínú àwọn ẹ̀gbọ́n tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà rí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ títí oṣù kẹfà. Bí ó bá di oṣù kẹfà, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ ti rí owó kóòṣì. Bí wọn ò bá rí i, a ó yan ìgbìmọ̀ mìíràn.

Ọ̀kan nínú wa ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà. Nítorí náà, bí ó bá bàjẹ́, ẹ mọ ilé wa.